Láti Ẹ̀yìn Ni Wọ́n Ti Ń Ka Déètì Bọ̀: Bí Ètò Iṣẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Oyè Kejì àti Oyè Ọ̀mọ̀wé Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Láti ọdún 2024, akẹ́kọ̀ọ́ oyè gíga tó bá ń gba owó ìrànwọ́ oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lára owó ìwádìí National Science Foundation ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ ní ìwé ètò kan lọ́wọ́. Ìwé náà ni yóò sọ ibi tó fẹ́ fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ dé àti ọ̀nà tó máa gbà débẹ̀, ọdọọdún ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ tún un yẹ̀ wò. IDP (Individual Development Plan) ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Lọ́dọ̀ tiwa níbí ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ní Àgọ́-Ìwòyè, ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, ní Ìjàgun, ohun tí wọ́n sábà máa ń béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni owó ilé-ìwé, àkòrí iṣẹ́ ìwádìí àti orí kìíní dé ìkẹta. Ẹni tó bá fẹ́ ìwé ètò, òun fúnra rẹ̀ ni yóò jókòó kọ ọ́.

Ohun tó wà nínú ìwé náà kò le. Apá kan wà fún iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀ ọ́n ṣe, apá kan fún ibi tó ń lọ, apá kan fún ohun tó kù kó kọ́ láàárín méjèèjì. Láti 2012 ni myIDP, ojúlé kan tó ń bá èèyàn ṣe irú ìwé ètò yìí, ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ó máa ń bi èèyàn léèrè nípa ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, ohun tó fẹ́ràn àti ohun tó kà sí pàtàkì, á sì fi ìdáhùn rẹ̀ wé oríṣiríṣi iṣẹ́. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni wọ́n ṣe é fún; ẹni tó ń ka ìtàn tàbí ìṣirò owó lè fo ibi tí kò bá bá a mu. Alẹ́ ọjọ́ kan ti tó fún gbogbo èyí. Ibẹ̀ náà ló sì máa ń parí sí fún ọ̀pọ̀ èèyàn: wọ́n á kọ ọ́ pé àwọn fẹ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n, pé àwọn fẹ́ lọ sókè òkun, pé àwọn fẹ́ wọ iléeṣẹ́ ńlá. Kò sí déètì lára ọ̀kankan. Àdúrà ni irú ìwé bẹ́ẹ̀. Àdúrà dáa, ṣùgbọ́n kò tíì di ètò.

Ìgbà tí déètì bá wọ̀ ọ́ ló ń di ètò, láti ẹ̀yìn ni wọ́n sì ti ń ka déètì náà bọ̀. Ẹ jẹ́ ká mú akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń ṣe PGDE, ìyẹn ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ fún ẹni tó ti gboyè nínú ìmọ̀ mìíràn, ní Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Táí Ṣólàrín. Ó fẹ́ gba Chevening, owó tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń mú èèyàn wá ṣe oyè kejì ọlọ́dún kan lọ́dọ̀ wọn. Oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá ni ẹ̀kọ́ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún. Láti ibẹ̀ ni yóò ti máa rìn padà sẹ́yìn. Nínú oṣù keje, ó gbọ́dọ̀ ti ní lẹ́tà ìgbàwọlé tí kò ní "bí o bá" kankan nínú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn ni wọ́n á ti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ á sì ti parí ní nǹkan bí oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá ọdún tó ṣáájú. Ó kù bí ọdún kan kó wọ bàálù nígbà tí ilẹ̀kùn fọ́ọ̀mù tì.

Ìyẹn gan-an kọ́ ni ìdí ọ̀rọ̀. Chevening ń béèrè ìrírí iṣẹ́ ọdún méjì, wákàtí 2,800 ni wọ́n sì kà á sí. Olùkọ́ tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 35 lọ́sẹ̀ yóò kó o jọ ní ọ̀sẹ̀ 80. Ẹni tó ń ṣe wákàtí 15 péré lọ́sẹ̀, nítorí pé ilé-ìwé ló gba ìyókù àkókò rẹ̀, yóò lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 187. Ó lé ní ọdún mẹ́ta àtààbọ̀. Bí ẹni kejì yìí kò bá ṣe ìṣirò náà lónìí, ọjọ́ tó bá jókòó ti fọ́ọ̀mù ni yóò tó mọ̀. Wọ́n máa ń ka iṣẹ́ ọ̀fẹ́ mọ́ ọn, nítorí náà wákàtí tó fi ń ṣiṣẹ́ ẹgbẹ́ ìlú tàbí tó fi ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò yẹ kó wà lákọsílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó lè jẹ́rìí sí i. Ó tún ku tráńsíkíríìpìtì, ìyẹn àkọsílẹ̀ máàkì rẹ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ tó ti jáde, tí yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa béèrè. Ẹni tó mọ ìlú kì í dúró di ọ̀sẹ̀ tí wọ́n nílò rẹ̀. Ó ti mọ̀ pé ìyanṣẹ́lódì lè bọ́ sí àárín. Àwọn tó sì bá rí owó náà gbà, ọdún méjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ padà wá lò nílé lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ìyẹn náà ní láti wà nínú ìwé, pàápàá fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí àtidúró lọ́hùn-ún.

Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ń jẹun náà ń pinnu ilẹ̀kùn tó ṣí fún un. TETFund, tí òfin 2011 gbé kalẹ̀, ń lo owó orí tí àwọn iléeṣẹ́ ń san láti fi rán olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba lọ gba oyè kejì tàbí oyè ọ̀mọ̀wé. Ilé-ẹ̀kọ́ ló ń fi orúkọ olùkọ́ ránṣẹ́. Ẹni tó bá ti gba iṣẹ́ Graduate Assistant ní Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ lè kọ TETFund sínú ètò rẹ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń kọ́ni ní Babcock kò lè kọ ọ́, nítorí ìjọ Adventist ló ni ibẹ̀, kì í ṣe ìjọba. PTDF ní tirẹ̀, àpò owó ìjọba àpapọ̀ tó ti wà láti 1973, ń wá ẹ̀kọ́ tó bá wúlò fún iṣẹ́ epo rọ̀bì àti gáàsì. Ìlà tó sọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ kà, kí wọ́n tó wo iye owó náà. Ọ̀pọ̀ ló ń kà á sódì.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń lọ sókè òkun o. Olùkọ́, òṣìṣẹ́ báńkì, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ pọ̀ nínú àwọn tó ń gba oyè kejì lágbègbè yìí, ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń wá. Déètì tiwọn yàtọ̀. ICAN, ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó ilẹ̀ Nàìjíríà, máa ń ṣe ìdánwò Professional rẹ̀ ní oṣù karùn-ún àti oṣù kọkànlá. Ẹni tó ń ṣe M.Sc. nínú ìṣirò owó tó sì fẹ́ ìwé ẹ̀rí ICAN kò gbọ́dọ̀ fi sẹ́mínà rẹ̀ sí oṣù kọkànlá bí ó bá lè yẹra fún un. Olùkọ́ tó ti ṣe PGDE ní láti fi ìforúkọsílẹ̀ TRCN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, sínú ìwé rẹ̀.

Àwọn ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lè kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ìwádìí tún wà nílé níbí. Nestlé ní iléeṣẹ́ ní Flowergate lẹ́bàá Ṣágámù, International Breweries náà ní tiwọn lágbègbè yẹn, kò sì jìnnà sí Ìlíṣàn fún ẹni tó ń ka máíkíróbáyọ́lọ́jì tàbí kẹ́mísírì. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, ní oko ìwádìí sí Ìkẹ́nnẹ́. Igbó Ọmọ tí erin ṣì ń gbé, tí UNESCO ti kà mọ́ àwọn ibi ìpamọ́ ẹ̀dá láti 1977, wà ní apá ìlà-oòrùn Ìjẹ̀bú, Erédò Ṣúngbọ́, odi àtijọ́ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, sì wà fún àwọn onímọ̀ ìtàn. Ilẹ̀kùn wọn kò ṣí gbayawu fún gbogbo ẹni tó bá kàn án. Lẹ́tà tó kàn sọ pé "mo ń wá àǹfààní" kì í rí èsì. Lẹ́tà tó bá sọ irú àyẹ̀wò tí akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ kọ́, bó ṣe bá iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ mu, àti ọ̀sẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ fún un, ló ṣeé dáhùn.

Ibi tí ètò yìí ti le jù lọ́dọ̀ wa ni iwájú sùpáfáísọ̀. Lọ́hùn-ún, wọ́n retí kí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó ti ọ̀gá rẹ̀ kó sì sọ ọ́ gbangba pé òun kò fẹ́ di olùkọ́ yunifásítì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń pe ọ̀gá rẹ̀ ní "Dádì", tó ń dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, báwo ni yóò ṣe la irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀? Ọ̀gá lè gbọ́ ọ bí ẹni pé wọ́n kọ iṣẹ́ òun sílẹ̀. Níbí ni ìwé ti wúlò ju ẹnu lọ. Ojú ewé kan péré, tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìpàdé, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ bíi, "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ohun tí mo rò rèé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un ṣe." Àgbà tí wọ́n bá ní kó bá àwọn tún nǹkan ṣe, yóò mú bírò. Ó lè pa ìlà kan rẹ́, ó lè sọ pé déètì kan kò ṣeé ṣe, ó lè rántí ẹni kan tó mọ̀ ní iléeṣẹ́ kan. Ọ̀rọ̀ tí ì bá di ìjà ti di iṣẹ́ àjọṣe. Bí ọ̀gá kò bá mọ nǹkan kan nípa ayé iléeṣẹ́, tí kò sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ lè wá ẹlòmíràn kún un; AuthorAID, fún àpẹẹrẹ, máa ń so olùwádìí láti orílẹ̀-èdè bíi tiwa pọ̀ mọ́ olùtọ́nisọ́nà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀gá yìí kan náà ni yóò kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí. Kò lè rántí gbogbo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe. Kí wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán, pẹ̀lú CV, àkòrí iṣẹ́, àti ọjọ́ tí lẹ́tà gbọ́dọ̀ dé. Bí ọ̀gá bá fẹ́ fi lẹ́tà náà ránṣẹ́, àdírẹ́sì í-meèlì ilé-ẹ̀kọ́ níyì lójú àwọn ará òkèèrè ju ti Gmail lọ.

Ọ̀rọ̀ orúkọ náà kò kéré. Adébáyọ̀ A. O. pọ̀ bí ewé, obìnrin tó sì tẹ ìwádìí jáde kó tó lọ́kọ lè dà bí ẹni méjì lẹ́yìn ìgbéyàwó. ORCID, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2012, ń fún olùwádìí ní nọ́ńbà tó ní díjíìtì 16 tí kò ní yí padà bí orúkọ bá yí. Ọ̀fẹ́ ni, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń gbà, ó sì yẹ kó wà ní ìlà àkọ́kọ́ nínú ètò ẹnikẹ́ni tó fẹ́ tẹ nǹkan jáde. Ní ti jọ́nà tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sí, kó kọ́kọ́ wò ó bóyá ó wà nínú DOAJ tàbí AJOL, àwọn àkójọ jọ́nà tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Jọ́nà tó bá kọ̀wé síni láàárín òru pé òun á tẹ iṣẹ́ jáde láàárín ọjọ́ mẹ́ta bí owó bá ti wọlé, owó náà ló ń wá.

Ìjẹ̀bú ní ohun kan tí ètò yìí lè yá lò, ìyẹn ni régbérégbé. Àwọn ẹgbẹ́ tí ọjọ́ orí so pọ̀ máa ń jọ dá owó, wọ́n máa ń jọ rán aṣọ, wọ́n sì máa ń jọ jáde níwájú Awùjalẹ̀ ní Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá. Ta ló fẹ́ jẹ́ ẹni tí aṣọ rẹ̀ kò pé lọ́jọ́ náà? Bí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún tó jọ wọlé bá ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, bó tilẹ̀ jẹ́ lórí WhatsApp, tí kálukú ń sọ déètì tó wà lọ́rùn rẹ̀, ojú ẹgbẹ́ á ṣe iṣẹ́ tí ìbáwí ọ̀gá kò lè ṣe.

Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni kí wọ́n máa tún ìwé náà wò. Ìlà tó bá ti parí, kí wọ́n fàmì sí i. Èyí tí wọ́n bá ti sún síwájú lẹ́ẹ̀mejì, kí akẹ́kọ̀ọ́ bi ara rẹ̀ bóyá òun ló fẹ́ ẹ tàbí àwọn ará ilé. Bó bá jẹ́ òun, kó gé e sí wẹ́wẹ́, kó fi déètì sí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọ́n bá sì kọ̀ fún un, bíi Chevening, kò tíì parẹ́. Wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lákọsílẹ̀, àwọn tó jẹ́rìí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó sì lè tún un béèrè lọ́dún tó ń bọ̀. Déètì nìkan ni yóò yí padà.