Ìdánwò orí kọ̀ǹpútà: ta ló ń fún ọmọ yín ní máàkì gan-an?

Tí wọ́n bá ti ṣe ìdánwò GST, ìyẹn ẹ̀kọ́ gbogboogbò tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe, tán lórí kọ̀ǹpútà, ẹ dúró sí géètì ilé-ẹ̀kọ́ gíga èyíkéyìí ní Òṣogbo, ẹ ó gbọ́ ẹni tó ń sọ pé kọ̀ǹpútà gbé máàkì òun fún ẹlòmíì. Àwọn ìbéèrè tó máa ń tẹ̀lé e nìyí.

Ẹ̀gbọ́n, èmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ mú B ní nọ́ńbà 7. Òun gbà á, èmi ò gbà á. Kí ló fà á?

B tirẹ̀ kì í ṣe B tìẹ. Ẹ̀rọ máa ń da ìbéèrè rú kó tó pín in, á sì tún da ìdáhùn inú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan rú, kí ẹni tó bá na ọrùn wo ẹnikejì má baà rí nǹkan kan mú. Nọ́ńbà 7 tìẹ lè jẹ́ nọ́ńbà 31 tirẹ̀.

Ọwọ́ olùkọ́ ni wàhálà ti sábà máa ń wá. Ó ti mọ́ àwọn kan lára láti kọ “A àti C ló tọ̀nà” sínú ìbéèrè orí ìwé. Wọ́n á gbé e bẹ́ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ á dà á rú, A á di D, C á di B. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀wé gan-an ló máa kọ́kọ́ kó sí i, torí òun ló fara balẹ̀ kà á.

Ṣé ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kì í ṣì í ni?

Ó máa ń ṣì í, tó bá sì ṣì í, kì í mọ ní ẹyọ kan. JAMB, tó ti kó gbogbo ìdánwò àwọ́lé rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà láti ọdún 2015, yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà da ìbéèrè àti ìdáhùn rú padà ní 2025. Àtúnṣe náà kò dé orí àwọn server, ìyẹn kọ̀ǹpútà àgbà tó ń darí àwọn yòókù, tó ń ṣiṣẹ́ fún Èkó àti àwọn ìpínlẹ̀ Ìlà-Oòrùn Gúúsù. Ibùdó 157 lọ̀rọ̀ náà kàn, wọ́n sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 tún ìdánwò ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà JAMB nígbà náà, sunkún ní gbangba lọ́jọ́ tó ṣàlàyé rẹ̀.

Èsì ti jáde tán kí àṣìṣe yẹn tó hàn. Ariwo àwọn ọmọ àtàwọn òbí ló jẹ́ kí wọ́n tètè tún un yẹ̀ wò. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí tí ẹ máa ń sọ pé “kọ̀ǹpútà kì í purọ́”, ẹ rọra. Bí máàkì kò bá yé ọmọ yín, kó kọ̀wé sí ẹ̀ka rẹ̀ kíákíá pé kí wọ́n wo àkọsílẹ̀ ohun tó tẹ̀.

Wọ́n ní kí n kọ orúkọ olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Mo kọ “Oshogbo”, wọ́n fún mi ní òdo!

“Osogbo” ni olùkọ́ fi síbẹ̀. Lẹ́tà sí lẹ́tà ni ẹ̀rọ ń wò, kò mọ̀ pé ìlú kan náà ni. Olùkọ́ ló yẹ kó to gbogbo bí èèyàn ṣe lè kọ ọ́ sílẹ̀. Lójú tèmi, ìyà tí kò tọ́ ni, nígbà tí “Oshogbo” ṣì wà lára pátákó káàkiri ìlú.

Tí NẸ́PÀ bá mú iná lọ ńkọ́?

Bí wọ́n bá ṣètò rẹ̀ dáadáa, orí server inú gbọ̀ngàn ni ohun tí o ti tẹ̀ wà. Wọ́n á gbé ọ lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, wàá sì máa bá a lọ. Má pa nǹkan kan fúnra rẹ, nawọ́ sókè.

Tí mo bá kàn ń mú èyí tó wù mí láìkà á?

Nínú ìbéèrè 60 tó ní ìdáhùn mẹ́rin mẹ́rin, bíi 15 lo máa gbà. Tí 40 nínú 100 bá jẹ́ ìlà àṣeyege, 24 lo nílò. Àwọn kan tún máa ń yọ máàkì fún èyí tó o bá kùnà, torí náà ka ìlànà ojú ewé àkọ́kọ́ kó o tó tẹ Start.