Bí Ohun Tó Ń Pàwọ̀ Dà Ṣe Ń Fi X-ray Hàn

X-ray ò ṣeé fojú rí, kò rùn, kò gbóná lára, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe àwọn nǹkan tó máa pàwọ̀ dà fúnra wọn tí X-ray bá ti bà wọ́n, kò sí bátìrì, kò sí wáyà. Kì í ṣe nǹkan tuntun pátápátá o, tí wọ́n bá fẹ́ fi ìtànṣán sí àpò ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó fà á fún àwọn aláìsàn kan, lébẹ́ẹ̀lì tó ń pàwọ̀ dà ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn kí wọ́n lè mọ̀ pé ó ti gba bíi 25 Gy (gray, ìwọ̀n ìtànṣán tí nǹkan gbà).

Èyí tí wọ́n ń ṣe ní láàbù báyìí ni wọ́n ń pè ní hybrid, irin àti kẹ́míkà oníkábọ́ọ̀nù ni wọ́n so pọ̀, kálukú sì níṣẹ́ tiẹ̀. Kábọ́ọ̀nù àti háídrójìn fúyẹ́ jù, X-ray kàn máa ń gba àárín wọn kọjá ni, àmọ́ átọ́ọ̀mù tó wúwo bí òjé tàbí bismuth lè dá a dúró, tó bá sì ti dá a dúró ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan (ohun tíntìntín tó wà nínú átọ́ọ̀mù) á fò jáde tagbáratagbára, á tún máa gbá àwọn mìíràn jáde lójú ọ̀nà. Ibẹ̀ ni viologen, ìyẹn kẹ́míkà oníkábọ́ọ̀nù náà, ti wọlé. Viologen fẹ́ràn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù gan-an (paraquat tí wọ́n fi ń pa koríko, ọ̀kan lára wọn ni, bó ṣe ń já ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù gbà nínú ewé náà ló fi ń pa á), ẹyọ kan péré tó bá ti gbà, á di búlúù tàbí àwọ̀ ewé tàbí pọ́pù, ó kù sí bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Ibi tó le ni bí wọ́n ṣe máa tò ó. Ọ́síjìn tàbí klóríìnì inú kírísítálì hybrid náà tó fẹ́ fún viologen ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn dáadáa, bíi angstrom 3 sí 4 (angstrom kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mẹ́wàá mítà), tó bá jìnnà jù, kò sóhun tó máa ṣẹlẹ̀. Tó bá wá gbà á tán, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ tún ń wá bó ṣe máa gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, àwọ̀ á sì ṣí, torí náà wọ́n á to gbogbo ẹ̀ pẹ́kípẹ́kí kí afẹ́fẹ́ má ráyè wọlé. Púpọ̀ nínú wọn, tí wọ́n bá mú un gbóná, àwọ̀ àkọ́kọ́ á padà, wọ́n á tún un lò.

Ká sòótọ́ ṣá, oòrùn ló ń dà á rú jù. UV (ìtànṣán oòrùn tí ojú ò lè rí) náà lè ti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, tí nǹkan bá wá di búlúù lójú fèrèsé, ta ló fẹ́ mọ̀ bóyá X-ray ni àbí oòrùn? Wọ́n lè bò ó pẹ̀lú ohun tí UV ò lè gbà kọjá, tàbí kí wọ́n pò ó débi pé agbára UV ò ní tó láti ti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù yẹn.

Ojú lásán lè sọ pé ìtànṣán ti dé, àmọ́ tó bá di iye tó dé, ẹ̀rọ ló máa wọn bí àwọ̀ náà ṣe ki tó, wọ́n á fi wé èyí tí wọ́n ti fún ní ìwọ̀n tí wọ́n mọ̀. X-ray àyà kan ò ju bíi 0.1 mSv (millisievert, ìwọ̀n ìtànṣán tó wọ ara èèyàn) lọ, ọ̀pọ̀ wọn ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kọjá, ìtànṣán tó pọ̀ gan-an ni wọ́n wà fún.