3 kò ṣe é, 7 kò ṣe é: báwo ni 21 ṣe wá ṣe é?

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń ti Ìlẹ́ṣà wá kọ́ ìṣirò lọ́dọ̀ mi ní Làgéré, Ilé-Ifẹ̀, ló bi mí.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ ní ká wá àwọn nọ́ńbà tí x² + 5y² lè bí, kí x àti y jẹ́ odidi nọ́ńbà. Mo wá 3 títí, n ò rí i. Mo wá 7, n ò rí i. Ṣùgbọ́n 3 lọ́nà 7 jẹ́ 21, 21 sì jẹ́ 4² + 5(1²). Kí ló fà á?

Ìdáhùn: O káre. Fermat, ará Faransé, ti rí i ní 1658. Ó ní tí práìmù méjì (nọ́ńbà tí 1 àti ara rẹ̀ nìkan lè pín) bá parí sí 3 tàbí 7, tí a pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí 4 tó ṣẹ́ku 3, x² + 5y² á bí ìlọ́po wọn. Dán 7 àti 23 wò: 161 ni, ìyẹn 9² + 5(4²).

Àṣírí ibẹ̀ ni pé x² + 5y² kò dá wà. Ó ní ọmọ ìyá kan, 2x² + 2xy + 3y². Ṣé o rántí b² − 4ac inú Almighty fọ́múlà? Níbí, a ni nọ́ńbà iwájú x², b ni ti iwájú xy (0 ni tí kò bá sí xy), c ni ti iwájú y². Ṣírò rẹ̀ fún àwọn méjèèjì, −20 ni wàá bá. Ọmọ ìyá yìí ló ni 3 (x = 0, y = 1), òun náà ló ni 7 (x = 1, y = 1). Lagrange, onímọ̀ ìṣirò mìíràn, ló wá fi ẹ̀rí ọ̀rọ̀ Fermat hàn. Ohun tó gbé e ró nìyí:

(2x² + 2xy + 3y²)(2z² + 2zw + 3w²) = (2xz + xw + yz + 3yw)² + 5(xw − yz)²

Fi 0, 1, 1, 1 sí ipò x, y, z, w. Má wo ojú mi, fọwọ́ ara rẹ ṣe é. 4 á jáde nínú àkámọ́ àkọ́kọ́, −1 nínú èkejì. 16 àti 5, 21 rèé.

Ìbéèrè: Ṣé −20 nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, sà?

Ìdáhùn: Rárá o. Ní 1801, Gauss, ará Jámánì, fi hàn pé fọ́múlà méjì irú èyí tí b² − 4ac wọn bá jọra, tí a, b àti c wọn kò sì ní ohun kan yàtọ̀ sí 1 tó lè pín gbogbo wọn, ṣe é so pọ̀ bí a ti ṣe lókè, ẹ̀kẹta tó ní b² − 4ac kan náà á sì jáde. Ní ti −20, x² + 5y² ń ṣe bí 1, ọmọ ìyá rẹ̀ ń ṣe bí −1. Ìdí nìyẹn tí méjì nínú èkejì fi ń di àkọ́kọ́.

Ọ̀nà Gauss le gan-an. Manjul Bhargava, onímọ̀ ìṣirò kan, ló wá rọ̀ ọ́ fún wa nínú iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé tó parí ní Yunifásítì Princeton ní Amẹ́ríkà ní 2001: ó fi odidi nọ́ńbà sí igun 8 àpótí onígun dọ́gba, ó gé e sí méjì ní ọ̀nà 3, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sì bí fọ́múlà tirẹ̀. b² − 4ac mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba, tí o bá sì so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, èyí tó ń ṣe bí 1 ló ń jáde. Lójú tèmi, kò sí ohun tó dùn tó èyí nínú ìṣirò.

Tó o bá délé, mú àwọn tí b² − 4ac wọn jẹ́ −23. Mẹ́ta ni wọ́n níbẹ̀: x² + xy + 6y², 2x² + xy + 3y², àti 2x² − xy + 3y². So èkejì pọ̀ mọ́ ara rẹ̀, ẹ̀kẹta ni wàá rí.