Open source kì í ṣe ọ̀fẹ́: àlàyé láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ ní FOSDEM

Ẹ̀gbọ́n tó ń bójú tó owó níbi iṣẹ́ wa ló bi mí. A dúró síwájú ìsọ̀ àwọn tó ń ṣe LibreOffice, sọ́fítíwià tí wọ́n fi ń kọ ìwé, tí wọ́n sì fi ń ṣírò lórí kọ̀ǹpútà. Ó ti fojú wo orí tábìlì wọn láti ìkángun dé ìkángun, ó ti mú ìwé pélébé kan, ó yí i síwá sẹ́yìn bóyá òun á rí iye owó lára rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ló bá tẹ̀ sí mi létí.

"Àbúrò, èló ni wọ́n ń tà á?"

"Ẹ̀gbọ́n, wọn kì í tà á."

"Kí ni wọ́n wá ń pàtẹ fún?"

Mi ò rẹ́rìn-ín, torí ìbéèrè gidi ni. Ẹni tó bá dàgbà l'Ékòó, tó mọ Trade Fair tó wà lọ́nà Badagry, mọ̀ pé bí èèyàn bá gba àyè, tó tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, tó to nǹkan sí i, owó ló ń wá. Ibi tí a wà yìí, tábìlì ni, aṣọ ni, èrò sì ń ti ara wọn bí ọjọ́ ọjà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń ná nǹkan. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé fún un lójú ẹsẹ̀, ariwo ò jẹ́ kó gbọ́. Àlàyé yẹn ni mo fẹ́ ṣe parí níhìn-ín.

FOSDEM, ìpàdé àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwià open source, ni ibi tí a wà náà ń jẹ́. Brussels, olú ìlú Belgium, ni wọ́n ti ń ṣe é, lọ́jọ́ Sátidé àti ọjọ́ Àìkú kan lọ́dọọdún, nígbà tí oṣù kìíní bá ń parí lọ tàbí tí oṣù kejì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ọgbà Solbosch ti yunifásítì Université libre de Bruxelles ni wọ́n ń lò. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, wọn ò ní kí ẹ forúkọ sílẹ̀. Ẹni tó bá ti dé, kó máa wọlé. Àwa mẹ́ta la wọ ọkọ̀ ojú irin Eurostar láti London: èmi, ẹ̀gbọ́n, àti ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Nǹkan bíi wákàtí méjì ni ọkọ̀ náà gbé wa dé Brussels, òtútù tó sì pàdé wa níbẹ̀ jẹ́ kí n rántí ìyá mi, ẹni tó ní mi ò gbọ́dọ̀ wọ bàtà kánfáàsì.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, OSDEM ló ń jẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi lẹ́tà F síwájú rẹ̀. Inú lẹ́tà F yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa wà, ṣùgbọ́n ká tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní source.

Ẹni tó ń ṣe sọ́fítíwià a máa kọ ọ́ ní èdè tí òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè kà: bí oníbàárà bá tẹ ibí, ṣe tibí, bí owó rẹ̀ ò bá tó, sọ tọ̀hún fún un. Ohun tó kọ yẹn ni source code. Ẹ̀rọ kì í gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó dìgbà tí irinṣẹ́ mìíràn bá lọ̀ ọ́ kúnná, tó di òdo àti oókan, kí ẹ̀rọ tó lè lò ó. Nígbà tí ẹ bá ra sọ́fítíwià lọ́jà, èyí tí wọ́n ti lọ̀ tí wọ́n sì ti dín ni wọ́n ń dì fún yín. Àkàrà ni, source ni ẹ̀wà rẹ̀. Ẹ ó jẹ ẹ́, ó lè dùn dáadáa. Ṣùgbọ́n àkàrà tó ti jáde nínú epo kì í padà di ẹ̀wà. Bí iyọ̀ bá ti pọ̀ jù, kò sí bí ẹ ó ṣe yọ ọ́. Ọ̀dọ̀ alákàrà lẹ máa padà sí, bó bá sì wù ú ni yóò dá yín lóhùn.

Àìdáhùn bẹ́ẹ̀ ló bí ọ̀rọ̀ yìí. Ní nǹkan bí ọdún 1980, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Xerox kan wà ní yàrá ìwádìí MIT l'Ámẹ́ríkà tí bébà máa ń há sí lẹ́nu. Richard Stallman, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, fẹ́ fi ìlà díẹ̀ kún sọ́fítíwià rẹ̀ kó lè máa ké sí èèyàn nígbà tí bébà bá há. Ó wá source code náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní in lọ́wọ́ ní yunifásítì mìíràn, onítọ̀hún ní òun ti bọwọ́ lùwé pé òun ò ní fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ náà dun Stallman wọra. Lọ́dún 1983 ó kéde iṣẹ́ tó pè ní GNU, ó ní òun á ṣe sọ́fítíwià tí ẹnikẹ́ni lè rí inú rẹ̀, tún un ṣe, kí ó sì pín in fún ẹlòmíràn. Free software ló pè é. F yẹn nìyẹn.

Wàhálà tó kó bá ara rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo làwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún nǹkan méjì. Láti ìgbà náà títí dòní ni wọ́n ti ń ṣàlàyé ara wọn pé free ti òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ làwọn ń wí, kì í ṣe free ti bíà ọ̀fẹ́. Àwa ò ní ìṣòro yẹn. Ọ̀fẹ́ lọ́tọ̀, òmìnira lọ́tọ̀, ọmọ ọdún márùn-ún kì í ṣi méjèèjì pè fún ara wọn. Ibi tó yà mí lẹ́nu ni pé àwa tí èdè wa ti ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ náà ló tún máa ń sọ pé "open source? Ọ̀fẹ́ ni." Òmìnira ni. Ọ̀fẹ́ kàn sábà máa ń bá a rìn ni. Bíà gan-an, ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ tó ṣáájú FOSDEM, àwọn èrò máa ń kóra jọ mu ún láàárín ìlú, kálukú ló sì ń sanwó tirẹ̀.

Orúkọ open source dé lẹ́yìn náà, ní oṣù kejì ọdún 1998. Ilé-iṣẹ́ Netscape ti kéde ní oṣù kìíní pé àwọn máa ṣí source code bráwúsà àwọn, sọ́fítíwià tí wọ́n fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, sílẹ̀, àwọn tó fara mọ́ ọn sì ń wá orúkọ tí kò ní máa jẹ́ kí oníṣòwò rò pé nǹkan pọ́ọ́kú ni. Christine Peterson, ọ̀kan nínú wọn, ló mú open source wá. Ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún yẹn, Open Source Initiative, kọ ìlànà mẹ́wàá tí láìsẹ́ǹsì kan gbọ́dọ̀ bá mu kí wọ́n tó lè pè é ní open source. Stallman ò fara mọ́ orúkọ tuntun náà. Ó ní ó gbé iṣẹ́ jáde, ó fi òmìnira sílẹ̀. F àti O inú FOSDEM ni àpá ìjà yẹn, wọ́n kó méjèèjì pọ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa bínú.

Mo dárúkọ láìsẹ́ǹsì. Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀, torí ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n rò pé ohun tó bá jẹ́ open source kò lẹ́ni tó ni ín, bí ewé tó hù lójú ọ̀nà. Ó lẹ́ni tó ni ín! Lábẹ́ òfin, ẹni tó kọ kóòdù ló ni ín, kò sì sẹ́ni tó láṣẹ láti dà á kọ bí kò bá yọ̀ǹda. Láìsẹ́ǹsì ni ìyọ̀ǹda náà. Bí ẹ bá rí kóòdù lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò ní láìsẹ́ǹsì, bó tilẹ̀ hàn kedere sí gbogbo ayé, kì í ṣe open source. Ẹ̀wà ẹni ẹlẹ́ni tí wọ́n sá sóòrùn ni.

Láìsẹ́ǹsì pọ̀, ọ̀nà méjì ló yà sí jù. Àwọn láìsẹ́ǹsì tó ń jẹ́ MIT, BSD àti Apache ń sọ pé: gba ẹ̀wà, ṣe ohun tó wù ọ́, tà á bó o bá fẹ́, ṣáà má pa orúkọ mi rẹ́. Ti GPL, tí Stallman kọ́kọ́ gbé jáde lọ́dún 1989, le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní: o lè ta àkàrà tí o fi ẹ̀wà mi ṣe, ní iyekíye, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra àkàrà lọ́wọ́ rẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ẹ̀wà pẹ̀lú, pẹ̀lú àyípadà tí o ṣe sí i, lábẹ́ àdéhùn kan náà. Ohun tí wọ́n bá ṣí fún ọ, má tì í mọ́ ẹlòmíràn. Linux, sọ́fítíwià tó ń darí ẹ̀rọ, wà lábẹ́ GPL, òun ló sì wà nísàlẹ̀ fóònù Android tí ẹ̀gbọ́n ń fi ya fọ́tò ìsọ̀ kiri ní gbogbo àkókò tó ń sọ pé òun ò lo nǹkan yìí rí.

Nígbà tí a jókòó jẹ ọ̀dùnkún díndín nínú ọgbà níbẹ̀ (méyónísì ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, ẹ má bínú, ó dùn), ó tún bi mí: "Ta ló ń sanwó oṣù wọn?" Aṣírò-owó ni, ọkàn rẹ̀ ò kúrò níbẹ̀. Mo ní àwọn míì ń ṣe é lálẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Àwọn míì, ilé-iṣẹ́ ńlá ló gbà wọ́n síṣẹ́ kí wọ́n máa kọ ohun tí ilé-iṣẹ́ náà gbára lé. Àwọn míì kì í ta kóòdù, ìtọ́jú ni wọ́n ń tà: tó bá bàjẹ́ láàjìn, wọ́n á dìde. Irú òwò yẹn ni Red Hat ń ṣe tí IBM fi rà á ní bílíọ̀nù 34 dọ́là lọ́dún 2019. Ẹ̀gbọ́n gbé ọ̀dùnkún ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Bílíọ̀nù ni àbí mílíọ̀nù?" Láti ìgbà yẹn ló ti ń fi ojú mìíràn wo àwọn tó wọ ẹ̀wù wúruwùru kiri níbẹ̀.

Tábìlì ìsọ̀ FOSDEM, àwọn iṣẹ́ open source fúnra wọn ni wọ́n ń fún, kì í ṣe ẹni tó bá lówó jù. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn tábìlì sábà máa ń jẹ́ ẹni tó kọ nǹkan náà. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ìpàtẹ ọjà nìyẹn. Ní ìpàtẹ ọjà, bí ẹ bá béèrè ohun tó jinlẹ̀, wọ́n á gba káàdì yín, wọ́n á ní àwọn máa pè yín. Níbí, onítọ̀hún á ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Àwọn ti VLC, tó ń gbé fíìmù jáde lórí kọ̀ǹpútà yín, dé kóònù ojú títì sórí bí fìlà, torí òun ni àmì wọn, ẹ ó sì bá wọn sọ̀rọ̀ dé ìdí nǹkan.

Bí ìjà bá wá dé ńkọ́? Orítà wà. Fork ni wọ́n ń pè é: bí ìwà ẹni tó di nǹkan mú ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ó gba kóòdù, ẹ ó yà síbòmíràn, ẹ ó fún un lórúkọ tuntun. LibreOffice tí a dúró síwájú rẹ̀ yẹn, ọmọ orítà ni. OpenOffice.org ni wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀. Oracle ra ilé-iṣẹ́ tó ni ín, ọkàn àwọn tó ń kọ ọ́ ò balẹ̀, wọ́n sì yà kúrò lọ́dún 2010. Lọ́dún 2023, ilé-iṣẹ́ HashiCorp yí láìsẹ́ǹsì sọ́fítíwià wọn tó ń jẹ́ Terraform padà: ẹ ṣì lè rí kóòdù, ṣùgbọ́n ẹ ò gbọ́dọ̀ fi bá àwọn du ọjà. Rírí nìkan ò tó fún open source, nítorí náà àwọn kan gba ẹ̀dà tó ṣáájú ìyípadà, wọ́n sọ ọ́ ní OpenTofu.

Ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ò wá gbọ́ ìtàn o. Ẹjọ́ ló gbé wá. Fọ́ǹtì kan wà tí a ń lò níbi iṣẹ́, bí ẹ bá fi kọ Yorùbá, àmì ohùn á sá kúrò lórí lẹ́tà, á lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tí wọ́n lé jáde nílé. Ó kọ gbólóhùn kan sílẹ̀ níwájú ọkùnrin kan ní ìsọ̀. Ọkùnrin náà ò gbọ́ Yorùbá, ó kàn sọ lẹ́tà di ńlá, ńlá, títí ọ́ kan fi kún ojú kọ̀ǹpútà. Ó ní kì í ṣe sọ́fítíwià ló ń ṣe é, fọ́ǹtì ni. Lẹ́tà á ní nọ́ḿbà tirẹ̀ nínú Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ḿbà lórí kọ̀ǹpútà, ọ náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ́ kò ní. Ọ ni, lẹ́yìn náà àmì òkè, méjèèjì ni wọ́n ń so pọ̀. Kí wọ́n tó lè so pọ̀ dáadáa, ẹni tó ya fọ́ǹtì gbọ́dọ̀ fi ojú kan sórí ọ tí àmì máa so mọ́. Ó ṣí source fọ́ǹtì náà. Lórí o, ojú náà wà. Lórí ọ, kò sí nǹkan kan. Bákan náà lórí ẹ.

"Àǹtí, ẹ wò ó," ni ọmọbìnrin náà ń wí fún mi, "wọ́n kàn gbàgbé ni."

Ọkùnrin náà fi ibi tí wọ́n ń gba ẹjọ́ fọ́ǹtì náà hàn án. Ọmọbìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, àwọn èèyàn ń fò ó kọjá, ó kọ ọ́: ohun tó ṣẹlẹ̀, àwòrán rẹ̀, ohun tó yẹ kó rí. Àwọn tó ni fọ́ǹtì náà fèsì lẹ́yìn tí a ti padà sí London. Wọ́n ní kó kó gbogbo fáwẹ̀lì Yorùbá tó lámì jọ fún àwọn. Ó kó wọn jọ, ó fi ń àti ǹ kún un, torí n náà máa ń gbé ohùn. Nígbà tí ẹ̀dà tuntun jáde, ó ké sí wa wá sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní kí ẹ̀gbọ́n dárúkọ ohun tí òun máa fi dán an wò.

"Kọ ọ̀fẹ́," ni ẹ̀gbọ́n wí.

Ó tẹ̀ ẹ́. Àmì ìsàlẹ̀ dúró sórí ọ, tòkè dúró sórí ẹ.