Barnacle Kì Í Ṣe Ọmọ Ìgbín

Bí ẹ bá yà sí ìsọ̀ àwọn lékulẹ́ja ní Òṣogbo, ẹ lè rí ìkarahun òkun tí nǹkan funfun ṣóńṣó-ṣóńṣó lẹ̀ mọ́ lára. Ẹni kan á ní ọmọ ìgbín òkun ni, ẹlòmíì á ní iyọ̀ ló dì. A ò lè bá wọn wí. Inú omi iyọ̀ ni nǹkan yìí ń gbé, kò sí nínú odò Ọ̀ṣun. Barnacle lorúkọ rẹ̀. Alákàn àti edé ló bá tan, kò bá ìgbín tan rárá.

Ìkarahun rẹ̀ ló ń tan èèyàn jẹ. Cuvier, àgbà onímọ̀ ẹranko ilẹ̀ Faransé, pàápàá kà á mọ́ ẹbí ìgbín. Ọdún 1830 ni John Vaughan Thompson, dókítà ológun kan tó ń gbé ní Cork, nílẹ̀ Ireland, kọ ọ́ síwèé pé òun rí ẹ̀dá wínníwínní tó ń lúwẹ̀ẹ́ bí edé, tó wá lẹ̀ mọ́ ojú kan, tó sì di barnacle.

Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ẹyin, ojú kan ṣoṣo ló ní, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́fà ló sì fi ń lúwẹ̀ẹ́. Á máa bọ́ awọ, á máa tóbi, títí á fi dé ìpele kan tí kò ní jẹun mọ́. Ilé ló kù tó ń wá, bí ayálégbé tó ń yẹ yàrá wò kiri Òkè-Fìà: á fi ìwo kékeré méjì orí rẹ̀ rìn lórí àpáta, á tọ́ ọ wò, á kúrò, á tún padà. Ibi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá pọ̀ sí ló máa ń wù ú jù. Bó bá ti tẹ́ ẹ lọ́rùn, àtè á jáde láti ìdí ìwo náà, á sì fi orí lẹ̀ mọ́bẹ̀ títí ayé. Lẹ́yìn náà ló ń mọ ògiri yí ara rẹ̀ ká. Bí omi bá bò ó, á ṣílẹ̀kùn, á na ẹsẹ̀ onírun jáde, á sì máa fi gbá oúnjẹ sẹ́nu. Ìgbín wo ló ní ẹsẹ̀ olóríkèé, tó tún ń bọ́ awọ?

Ọdún mẹ́jọ ni Charles Darwin, onímọ̀ nípa ẹ̀dá ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi yẹ àwọn barnacle wò, títí di 1854.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù nínú àwọn barnacle ni Sacculina. Kò ní ìkarahun kankan. Inú alákàn ló ń wọ̀, á ta gbòǹgbò káàkiri ara rẹ̀, alákàn náà ò sì ní lè bímọ mọ́. Kódà akọ alákàn á máa tọ́jú àpò ẹyin Sacculina bí ẹni pé ẹyin tiẹ̀ ni. Ẹni tó bá wo àgbà rẹ̀ ò lè pè é ní barnacle láéláé. Ìgbà tí wọ́n rí ọmọ rẹ̀ tó ń lúwẹ̀ẹ́ ni wọ́n tó mọ ẹbí tó ti wá.