Wákàtí mẹ́jọ tí kò sí nínú òfin

Ẹ kó ọmọ Yorùbá mẹ́ta tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó jọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, ẹnì kan á ṣáà sọ ọ́: òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà kí wọ́n lo èèyàn ju wákàtí mẹ́jọ lọ lóòjọ́. Àwọn yòókù á mi orí. Ó ti sú mi.

Òfin tí wọ́n ń wí ni Fair Labor Standards Act, tí Ààrẹ Roosevelt buwọ́ lù ní oṣù Kẹfà 1938. Iṣẹ́ ńlá ló ṣe, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn ìyẹn: ó ní owó iṣẹ́ wákàtí kan kò gbọdọ̀ dín sí sẹ́ǹtì 25, ó sì ká àwọn tó ń kó ọmọdé ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ kò. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wá wákàtí mẹ́jọ níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ ló ń kà, kì í ṣe ọjọ́: 44 lọ́dún àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà 42, ó wá dúró sí 40 ní 1940. Kò tilẹ̀ ní kí àgbàlagbà má ṣiṣẹ́ kọjá 40. Ohun tó ní ni pé èyí tó bá lé, kí wọ́n san án ní ìlọ́po kan ààbọ̀: ófátáìmù nìyẹn.

Àbúrò ìyàwó mi gbé ìwé owó iṣẹ́ rẹ̀ wá. Ọjọ́ mẹ́ta, wákàtí 12 lójúmọ́. Ó ti fi báírò pupa yí 12 kọ̀ọ̀kan po. “Bọ̀dá, wọ́n jẹ mí ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin.” Mo ní 12 lọ́nà mẹ́ta, 36 ni. 36 kò dé 40. Ká ní ó lọ lọ́jọ́ kẹrin, ó di 48, mẹ́jọ ló lé: dọ́là 16 tó ń gbà á di 24 lórí mẹ́jọ yẹn. Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ṣòfin.

Mẹ́jọ wà lóòótọ́, ibòmíràn ló wà. Ní 1868, wọ́n fún àwọn lébìrà ìjọba àpapọ̀ ní wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́. Ní 1916, Adamson Act fún àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Òfin ìpínlẹ̀ California ń ka ófátáìmù lóòjọ́ títí dòní. Ẹni tó ní ẹbí ní Los Angeles á gbọ́ ọ níbẹ̀, á gbé e bọ̀ wá sí Texas bí ẹrù àrà. Òfin àpapọ̀ náà fi àyè kan sílẹ̀: ilé ìwòsàn lè bá òṣìṣẹ́ ṣàdéhùn ṣáájú láti ka ọjọ́ 14 pọ̀: ófátáìmù á bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́ tàbí 80 láàárín ọjọ́ 14. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti dàrú.

Àwọn tó ń ní òfin 1938 dáàbò bo “gbogbo òṣìṣẹ́” sì tún ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ó fo àwọn lébìrà oko àtàwọn ọmọ ọ̀dọ̀ dá, níbi tí ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú Gúúsù ti ń jẹun. Ó di 1974 kí ọmọ ọ̀dọ̀ tó wọlé, wọ́n sì tún yọ àwọn tó ń tọ́jú arúgbó nínú ilé sẹ́yìn. Evelyn Coke, ará Jamaica tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn ní New York, gbé ọ̀rọ̀ ófátáìmù rẹ̀ dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní 2007. Adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló ta kò ó.

N kò ní ọ̀gá yín ló jàre o. Òfin ìpínlẹ̀ yín tàbí àdéhùn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lè fún yín ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lọ wò ó. Ẹ máa kọ wákàtí yín sílẹ̀ fúnra yín, torí ọdún méjì ni òfin àpapọ̀ fún ẹni tó fẹ́ béèrè owó tí wọ́n jẹ ẹ́, mẹ́ta bó bá jẹ́ pé ọ̀gá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Àbúrò ìyàwó mi ti ra ìwé kékeré kan. Ó ṣì ń yí 12 po.