Ìpààrọ̀ Ipò Ni, Kì í Ṣe Ìyípadà Agbára

Ẹ̀yin tí ẹ ń wo duanju, àwọn eré kéékèèké ará Ṣáínà orí fóònù, ẹ mọ bí wọ́n ṣe rí: apá kan kò ju bí ìṣẹ́jú kan sí méjì lọ, odindi eré sì lè tó apá 60 sí 100. Ohun tó ń bí mi nínú ni orúkọ tí a sọ ibi tó dùn jù níbẹ̀, ìyẹn ibi tí ẹni tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ ti bọ́ sókè, tí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ wá balẹ̀ gbì. Àwọn kan ń kọ ọ́ ní "ìyípadà agbára." Mo ti rí "ìdìtẹ̀gbàjọba" pẹ̀lú. Àwọn mìíràn kọ "páwà ṣíìfù," bí ẹni pé Yorùbá ti tán lẹ́nu wọn.

Agbára wo ló yí padà? Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, ìyàwó tí ìyá ọkọ da tíì gbígbóná sí lára ní apá 1, ọmọ olówó tó fara pamọ́ ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó ní ní apá 40, ó ti ní in tẹ́lẹ̀. Kò sì dìtẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ipò ló pààrọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo lè yí padà, ṣùgbọ́n ẹni méjì ló ń pààrọ̀: bí ìyá ọkọ kò bá wálẹ̀, kí ni a fẹ́ fi dídìde ìyàwó ṣe? Ipò sì jẹ́ ọlá, ó tún jẹ́ ojú ibi tí èèyàn wà gan-an, kámẹ́rà sì ń ya méjèèjì pọ̀. Àwọn ará Ṣáínà fúnra wọn ń pè é ní dalian, gbígbá ojú. Ohun tí ojú rí ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.

Òró ni wọ́n ń ya eré yìí, fífẹ̀ 9 sí gíga 16. Ojú fóònù kò gba ẹni méjì dáadáa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nítorí náà ọ̀kan á wà lókè, ọ̀kan á wà nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni ìkúnlẹ̀ ti wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú ìkíni tiwa wò ó. Lọ́dọ̀ wa, ìyàwó kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ láàárọ̀, kò sí ẹ̀tẹ́ níbẹ̀. Àwọn ará Ṣáínà ní wúrà ń bẹ lábẹ́ orúnkún ọkùnrin, ìyẹn ni pé kì í kúnlẹ̀ lásán. Bí kámẹ́rà bá ti sún mọ́ orúnkún kan lórí mábù, tó wá gba ibẹ̀ gòkè lọ bá bàtà onígìgísẹ̀ gíga, ọ̀rọ̀ ti parí kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Wáìnì tó dà sára aṣọ funfun, káàdì dúdú tí báńkì ń fún olówó ńlá, àwọn ọkùnrin oníkóòtù tó tò tẹ̀ríba: iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe.

Ẹ rántí odù nínú ayò. Ọ̀ta, ìyẹn ẹni tó mọ ayò ta, á kó ọmọ jọ sílé kan, méjìlá, mẹ́rìnlá, ó tún lè jù bẹ́ẹ̀, kò ní fọwọ́ kàn án. Ẹni tí wọ́n jọ ń ta á máa jẹ méjì, á jẹ mẹ́ta, á máa pè é lọ́pẹ, àwọn òǹwòran á máa rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí ilé onítọ̀hún bá wá ṣófo tàbí tó ku ọmọ kọ̀ọ̀kan ni ọ̀ta á tó tú odù náà, á yí ọpọ́n po, á jẹ ilé mẹ́ta, mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Orúkọ bàbá tí ìyàwó yẹn fi pamọ́ ni odù. Gbogbo ìgbátí tó jẹ, ọmọ ló ń bọ́ sínú ilé náà. Àwọn tó ń ta eré yìí mọ̀ ọ́n dáadáa: ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi ń jẹ́ kí a wo kíkójọ, ìgbà tí ọwọ́ bá fẹ́ wọ ilé odù ni wọ́n á ní kí a sanwó.